Ẹ̀rọ lathe fún ìgbafẹ́: èló gan-an ló ń náni l'Ékòó?

ỌmọSúrùlérè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ lathe, èyí tó ń yí igi bí a ti ń fi irin gbẹ́ ẹ, gbẹ́ igi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi jẹun o, ìgbafẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ lásán ni: abọ́ tó fẹ̀ tó ínṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ọmọ odó kékeré, igi tí wọ́n fi ń yí ìyẹ̀fun mítì-páì. Àyè tó wà ò ju bákónì ẹ̀yìn ilé lọ ní Súrùlérè, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó fẹ̀ ní mẹ́rin. Band A ni àdúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA sì wà nílẹ̀. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ jẹ́ ₦700,000.

Ẹnì kan tó ń tajà ní Aláàbá ní tí n bá ti ra ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ parí. Ẹlòmíì ní ẹ̀rọ ọ̀hún gan-an kọ́ ni ìnáwó. Èwo ni kí n gbọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi là á sí wẹ́wẹ́.

PákóÒkóbàbá

Ẹni kejì ló sún mọ́ òótọ́. Dọ́là ni màá fi ka owó rẹ̀ torí náírà kì í dúró sójú kan, òkè òkun sì ni ẹrù yìí ti ń wá. Ká fi ₦1,500 ṣírò dọ́là kan kó lè rọrùn: owó yín jẹ́ bíi $465.

Lathe kékeré orí tábìlì wà láàárín $300 sí $500 níbi tí wọ́n ti ń tà á, kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó máa ń wúwo tó kílò márùndínlógójì sí àádọ́ta, ẹ sì mọ bí owó kíláríǹsì ṣe rí fún ẹrù tó bá wúwo. Ohun tó kù rèé: gouge abọ́ (irin oníkòtò tí a fi ń gbẹ́ abọ́), $40 fún èyí tó mọ níwọ̀n, ó lè tó $100 fún èyí tó dáa, chuck ẹlẹ́nu mẹ́rin (ohun tó ń di igi mú lórí ẹ̀rọ), $100 sí $250, grinder ínṣì mẹ́jọ (ẹ̀rọ ìpọ́nrin), $130 ó lé, parting tool (irin tí a fi ń gé iṣẹ́ kúrò), scraper (irin ìfá), ìbòjú, ìbòmú, sáńdípépà. Bí lathe bá jẹ́ náírà kan, náírà kan mìíràn ń tẹ̀ lé e bọ̀ kí abọ́ àkọ́kọ́ tó jáde.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Tí wọ́n bá ní swing ínṣì mẹ́wàá, wọ́n ń wọ̀n ọ́n láti àárín gbùngbùn ẹ̀rọ dé orí irin ìsàlẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Igi tó bá fẹ̀ ní ínṣì mẹ́wàá gééré yóò máa ha irin. Ẹni tó fẹ́ abọ́ ínṣì mẹ́wàá, swing méjìlá ni kó wá. Bí ẹ bá fara mọ́ abọ́ ínṣì mẹ́jọ, swing mẹ́wàá tó, owó yóò sì dín kù dáadáa.

Wẹ́dàMúṣín

Gbogbo dọ́là yìí ńkọ́? Ẹ lọ sí Ówódé Onírin. U-channel ínṣì mẹ́rin méjì fún bẹ́ẹ̀dì, bearing UCP205 méjì (irú èyí tó wà lára ẹ̀rọ ìlọta), shaft mílímítà márùndínlọ́gbọ̀n, pulley onípele, motor àlòkù 3/4 hp tí ara rẹ̀ dé pa kí èérún igi má baà wọ inú rẹ̀. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ yóò jó o pọ̀. Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ sínú ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè wúwo. Lathe tó bá fúyẹ́ máa ń jó káàkiri bákónì ni.

Pulley ló ń pinnu eré. Motor wa níbí máa ń yí bíi 1425 ní ìṣẹ́jú kan. Pulley ínṣì méjì lórí motor àti mẹ́rin lórí shaft yóò fún yín ní bíi 712. Méjì sí méjì, 1425 náà ni. Mẹ́ta lórí motor sí méjì lórí shaft, ó ti kọjá 2100. Mẹ́ta yìí tó fún gbogbo nǹkan tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn.

ÀǹtíGouge

Wẹ́dàMúṣín, ọ̀rọ̀ pulley yín tọ̀nà, àmọ́ shaft yẹn ni kò tọ̀nà. Chuck tó wọ́pọ̀ jù fún lathe kékeré máa ń ní thread 1 inch, 8 TPI, ìyẹn eyín mẹ́jọ nínú ínṣì kan. Ínṣì kan jẹ́ mílímítà 25.4. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gé thread tó fẹ̀ ní 25.4 sára shaft tó jẹ́ 25? Ká tilẹ̀ ní ó wọ̀, chuck gbọ́dọ̀ ní èjìká tí yóò fẹ̀yìn tì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa yí gbẹgẹdẹ. Ihò Morse taper No. 2 (MT2, ihò tó ń tín bó ti ń wọnú) nínú shaft tún fẹ̀ tó mílímítà 17.78 lẹ́nu, nítorí náà ara tó kù lára shaft 25 yóò ti tín-ín-rín jù.

Ẹ lo UCP206 pẹ̀lú shaft mílímítà ọgbọ̀n. Kí ẹni tó ń fi lathe gé irin bá yín fá ẹnu rẹ̀ wá sí ínṣì kan, kó gé thread 8 TPI, kó fi èjìká sílẹ̀, kó lu ihò MT2 sí i. Ibẹ̀ ni owó gidi wà nínú lathe ìbílẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Òmíràn ni tailstock, apá tó ń gbé ẹnu kejì igi dúró: bí ẹnu méjèèjì kò bá kojú ara wọn gẹ́lẹ́, ihò tí ẹ bá fi lu igi yóò máa yà, igi gígùn yóò máa mì.

Ohun tó dùn mọ́ni nínú 1 inch 8 TPI ni pé thread ńọ́ọ̀tì UNC ínṣì kan lásán ni. Ẹ ra ńọ́ọ̀tì náà, ẹ jó o mọ́ irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà mẹ́jọ, ẹ lu ihò skúrù mẹ́fà sí i, kí wọ́n wá fá ojú rẹ̀ lórí lathe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jó o tán, torí iná wẹ́dà máa ń fa irin lọ́rùn. Faceplate dé nìyẹn. Fún oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ ò nílò chuck rárá: ẹ fi gúlú lẹ pákó tó nípọn ní ínṣì kan àbọ̀ mọ́ ìdí abọ́, ẹ fi skúrù kan pákó yẹn mọ́ faceplate, tí ẹ bá parí kí ẹ fi parting tool gé abọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ó kéré tán, $100 nìyẹn tí kò jáde.

CarbideNìkan

Ẹ yéé dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ̀. Kó ra irinṣẹ́ carbide méjì, ọ̀kan onígun mẹ́rin, ọ̀kan róbótó. Kò ní ra grinder, kò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n irin. Ẹnu kan bá kú, kó yí i sí ẹnu kejì. Ó parí.

ÀgbàGbẹ́nàgbẹ́nà

Ọ̀gbẹ́ni CarbideNìkan, o sòótọ́ dé ìdajì ọ̀nà. Carbide kì í gé igi bí gouge, fífá ló ń fá a. Lórí igi líle bí àyìn tàbí àpá, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń mọ́. Gbé e sórí arère, wàá rí bó ṣe ń fa okùn inú igi tu, pàápàá níbi méjì tí okùn igi ti kọjú sí ọ nínú abọ́. Ohun tí o fi pamọ́ lórí grinder, sáńdípépà 80 ni yóò jẹ ẹ́, yóò sì fi lẹ́búlẹ́bú igi dí ọ nímú. Ẹyọ carbide tí ilé iṣẹ́ tó lórúkọ bá ṣe máa ń tó $10 sí $20, bẹ́ẹ̀ ìrókò ní òkúta nínú: ẹ̀fun líle kan tó máa ń dì sínú igi náà, o ò ní í rí i lójú títí irinṣẹ́ yóò fi gbá a. Gouge tó bá gbá a, o pọ́n ọn. Carbide tó bá gbá a, ó lè fọ́.

ỌmọSúrùlérè, ìpọ́nrin ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Grinder tó ń yí 1425 ló dáa, kì í ṣe 2850, torí èyí tó yára máa ń jẹ irin lọ kíá. Òkúta rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ funfun, aluminium oxide, grit 80. Òkúta eérú tó máa ń bá grinder wá le jù fún HSS (high-speed steel, irin irinṣẹ́ tó ń fara da ooru), gbígbóná ni yóò máa gbóná. Tí HSS bá dúdú lẹ́nu níbi tí o ti ń pọ́n ọn, má bẹ̀rù, kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n má tì í bọ omi lójijì, ó lè là wẹ́wẹ́. Irin carbon lásán ni kò gbọdọ̀ dúdú. Tó bá ti dúdú, ó ti rọ̀ nìyẹn, o ní láti gé ibẹ̀ dànù.

Gouge abọ́, pọ́n ọn sí bíi ìwọ̀n 55. Scraper, 70 sí 80. Má fojú wọ̀n ọ́n. Fi pákó àti irin róbótó ṣe apá kan tó ní ihò bíi V níwájú, tí ìdí gouge yóò máa jókòó sí, kó jẹ́ pé ibì kan náà ni yóò máa wà lójoojúmọ́. Àwọn tó ń tà á ń gba bíi $100 lórí ohun tí pákó àfọ́kù lè ṣe. Bí o ṣe máa mọ̀ pé irin ti kú kò ṣòro: dípò èérún gígùn tó ń ká bí irun, lẹ́búlẹ́bú ló ń jáde, ìwọ náà á sì rí i pé ò ń fi ara tì í. Lórí igi líle, pípọ́n ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe àṣejù.

Wẹ́dàMúṣín

Ẹ gbàgbé HSS náà. Spring mọ́tò láti Ládìípọ̀, ẹ gé e, ẹ pọ́n ọn. Fáìlì àtijọ́ náà ń ṣe é.

ÀǹtíGouge

Spring, mo gbà, ó ń ṣe scraper dáadáa bí ẹ bá lè máa pọ́n ọn léraléra. Fáìlì, rárá o. Líle rẹ̀ pọ̀ jù, kò lè tẹ̀. Tí igi bá gbá a lójijì, fífọ́ ló ń fọ́, àfọ́kù rẹ̀ sì ń fò wá sójú. Àfi kí ẹ kọ́kọ́ fi iná rọ líle rẹ̀ dínkù. Irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣahun lórí rẹ̀ ni gouge abọ́.

Tí ẹ bá sì ń rà á, ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń wọn ara irin, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń wọn kòtò inú rẹ̀. 1/2 inch ti Amẹ́ríkà àti 3/8 inch ti Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan kan náà ni. Ìyẹn ló bá abọ́ ínṣì mẹ́jọ mu.

ỌmọSúrùlérè

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí. Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ṣé jẹnẹrétọ̀ mi lè gbé e? Wọ́n tún ń ta lathe Amẹ́ríkà àlòkù kan tó jẹ́ 110V, owó rẹ̀ kò pọ̀.

WáyàÈkó

3/4 hp jẹ́ bíi 550 W. Tó bá jẹ́ motor induction oníbẹ́líìtì, nígbà tó bá fẹ́ gbéra yóò fa iná tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà ti ìgbà tó ń yí lọ. 2.5 kVA yín lè gbé e bí ẹ bá pa fíríìjì àti pọ́ǹpù omi. Jẹnẹrétọ̀ kékeré 950, tí a ń pè ní I-pass-my-neighbour, kò lè gbé e, yóò kàn máa kùn ni. Èyí tó ń fi bọ́tìnnì yí eré padà kì í fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ń gbéra, àmọ́ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ kò fẹ́ràn iná tó ń lọ sókè sódò. Tí iná yín bá máa ń já sí 170 V, ẹ fi stabiliser sí i, ẹ sì ka owó rẹ̀ mọ́ owó lathe.

Lathe 110V yẹn: stepdown (transformer tó ń sọ 220V di 110V) 1500 VA ó kéré tán, ìyẹn náà lówó lórí, ó sì wúwo. Transformer kì í yí 50 Hz iná wa padà sí 60 Hz ti Amẹ́ríkà. Motor tó yẹ kó yí 1725 yóò máa yí bíi 1430, yóò sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Kò burú fún abọ́, torí eré tó rọra là ń wá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Èyí tí kò sẹ́ni tó ń sọ ni switch. Ní ìlú tí wọ́n ń mú iná lọ tí wọ́n ń mú un bọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ lo switch lásán. NVR ni orúkọ èyí tó yẹ: tí iná bá lọ, ó pa ara rẹ̀, tí iná bá dé, lathe kò ní í dá gbéra títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ ń fọwọ́ nu abọ́ lára ẹ̀rọ, NEPA wá mú iná dé. Lathe ìbílẹ̀ kì í ní in, ọ̀pọ̀ àlòkù náà kì í ní in. Kò wọ́n.

Ní ti owó iná gan-an, kò tó nǹkan: wákàtí mẹ́ta kò lè jẹ ju unit méjì lọ, ó wà ní bíi ₦400 sí ₦450 ní iye Band A tó ti kọjá ₦200 fún unit kan láti 2024. Bẹntiróòlù ni ẹ ó mọ̀ lára.

OnígiLágùúnà

Ẹ ti ná owó tán kí igi tó dé ọ̀rọ̀. Igi ni Èkó fi ń ṣàánú fún wa. Ìjọba ti kó àwọn onígi Òkóbàbá lọ sí Agbówá, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìrántí àtijọ́ júwe ọ̀nà fún yín. Pákó tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ jẹ́ ínṣì kan tàbí méjì ní níníipọn, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní gígùn. Ìyẹn dáa fún igi ìyíyẹ̀fun àti àwo pẹlẹbẹ. Abọ́ jíjìn ń fẹ́ ínṣì mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ béèrè fún orí igi, àwọn gégé tí wọ́n gé kúrò kí wọ́n tó la gẹdú.

Èyí tó sàn jù ni igi tó wó ní àdúgbò: mángò, fúrúùtù, àgbálùmọ̀. Ẹ san owó oní-chainsaw, ẹ san owó kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó tán. Kó gé gẹdú náà kó gùn ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ ní ínṣì méjì, kó wá là á láàárín gan-an, kí ẹ yọ ojú igi tó wà ní àárín dànù, torí ibẹ̀ ni ó ti ń là. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ fi ọ̀dà ògiri àjẹkù kun ẹnu méjèèjì. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń là nìyẹn, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Ẹ gbẹ́ ẹ ní tútù. Ẹ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀: abọ́ ínṣì mẹ́jọ, ínṣì 0.8. Ẹ kó o sínú páálí pẹ̀lú èérún rẹ̀, ẹ fi síbi tí atẹ́gùn kì í fẹ́ púpọ̀. Ẹ máa fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá fúyẹ́ mọ́, ó ti gbẹ, ẹ gbé e padà sórí lathe kí ẹ fá a tán. Ó lè gbà tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

ÀgbàGbẹ́nàgbẹ́nà

Èérún tútù nínú páálí, lásìkò òjò, l'Ékòó? Olú ni yóò hù. Mángò ò gbà tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó dúdú. Àpò sìmẹ́ǹtì tó jẹ́ bébà ni kó lò, kó gbọn ọ́n dáadáa, kó sì yí i padà tó bá ti rin. Kó tún mọ̀ pé abọ́ tó gbẹ ní bákónì kò tíì gbẹ tó fún yàrá oní-AC. Kó gbé e sínú ilé fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta kó tó fá a tán.

Má sì lọ gé igi ẹ̀bá títì o. LASPARK, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọgbà àti igi, ló ń fúnni láṣẹ láti gé igi l'Ékòó, ìtanràn wà níbẹ̀. Dúró de èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí.

OlóògùnYábàá

Igi kan wà tí ara kì í gbà. Lẹ́búlẹ́bú mansonia máa ń mú kéèyàn máa sín títí imú yóò fi máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìrókò máa ń yún ara. Oje kajú tútù máa ń bó ara, mángò náà sì jẹ́ ìbátan rẹ̀, ẹni tí kajú bá ń bá jà kó ṣọ́ra. Ìbòmú FFP2 tàbí N95 ni o, kì í ṣe aláwọ̀ búlúù ti ọsibítù. Ìbòjú polycarbonate tó bo gbogbo ojú, kì í ṣe gíláàsì ojú nìkan. Kí ẹ má wọ gílọ́ọ̀fù nídìí lathe, kí ẹ má wọ aṣọ alápá fẹ̀ǹfẹ̀: igi tó bá mú un yóò fa ọwọ́ tẹ̀ lé e.

Tó bá jẹ́ abọ́ oúnjẹ, òróró ẹ̀pà kì í gbẹ, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, lẹ́yìn náà yóò máa rùn. Òróró linseed máa ń gbẹ. Àkísà tí ẹ bá fi nu linseed, ẹ má ká a jù sínú igbá ìdọ̀tí, ó máa ń dá gbóná títí tí yóò fi gbiná. Ẹ sá a síta, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Ẹsẹ̀Àga_Múṣín

Kí ló dé tí kò fi kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń fi lathe ṣe ẹsẹ̀ àga àti òpó àtẹ̀gùn ní Múṣín? Kó sanwó wákàtí díẹ̀, kó fi wò ó bóyá ó wù ú lóòótọ́.

ÀǹtíGouge

Ó dáa fún igi gígùn àti skew (irin ẹlẹ́nu dídagun), wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Abọ́ yàtọ̀. Eré tí wọ́n fi ń ṣe òpó yóò ju abọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: ẹ fi fífẹ̀ igi ní ínṣì ṣe ìsọdipúpọ̀ eré rẹ̀, kó wà láàárín 6,000 sí 9,000. Ínṣì mẹ́jọ, 750 sí 1,100. Tí igi kò bá tíì róbótó, ẹ wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Nítorí náà lathe tí eré rẹ̀ tó kéré jù bá jẹ́ 1,100, ẹ má rà á fún abọ́ bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

ỌmọSúrùlérè

Ẹ wò ó bóyá mo gbọ́ yín yé. Lathe ìbílẹ̀ pẹ̀lú shaft ọgbọ̀n àti pulley mẹ́ta, NVR, faceplate oníńọ́ọ̀tì, kò sí chuck ní báyìí. Grinder oníṣẹ́ rọra pẹ̀lú òkúta funfun. Spindle roughing gouge kan láti fi mú igi róbótó, gouge abọ́ kan, parting tool kan, scraper láti ara spring. Ìbòjú àti ìbòmú. Igi mángò àdúgbò. Swing kò ní ju ínṣì mẹ́wàá lọ.

ÀgbàGbẹ́nàgbẹ́nà

Yọ spindle roughing gouge kúrò níbẹ̀ tó bá jẹ́ abọ́ lo fẹ́ fi í ṣe. Igi gígùn nìkan ló wà fún. Ìdí rẹ̀ tó wọ inú èèkù tín-ín-rín. Tó bá bá okùn igi abọ́ pàdé, ó lè kán, kí ẹnu rẹ̀ fò. Gouge abọ́ náà ni wàá fi mú abọ́ róbótó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fi owó yẹn ra òkúta funfun kejì, kó o sì ní kí ẹni tí yóò gé shaft rẹ kọ́kọ́ fi ńọ́ọ̀tì ínṣì kan wọ thread náà wò níwájú rẹ kó o tó sanwó.